Èsì wa sí oníbàárà tó kọ ọ́ pé omi lásán la tà fún òun

Ẹ kú déédéé àsìkò yìí, oníbàárà wa. A dúpẹ́ pé ẹ wá àyè láti kọ èrò yín nípa ọjà wa, a sì ti kà á láti òkè délẹ̀.

Ẹ kọ ọ́ pé omi lásán ni a rọ sínú ìgò oògùn irorẹ́ tí ẹ rà lọ́wọ́ wa, pé irorẹ́ olórí dúdú tó wà nímú yín kò kúrò, pé awọ ojú yín ń bó, àti pé òṣìṣẹ́ wa kò mọ iṣẹ́ rẹ̀ nítorí pé ó kọ̀ láti ta èyí tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ fún yín. Ìràwọ̀ kan ṣoṣo ni ẹ sì fún wa. Níwọ̀n bó ti jẹ́ pé ní gbangba ni ẹ ti sọ ọ́, ní gbangba náà ni mo ti fẹ́ dáhùn, kí ẹni tó bá ń ronú àtira ọjà yìí lè gbọ́ tẹnu àwa náà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ to àwọn ọjọ́ náà tẹ̀ lé ara wọn, nítorí pé ẹ kò mẹ́nu ba ọjọ́ kankan nínú ohun tí ẹ kọ. Ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ni ẹ sanwó, ọjọ́ 5 ni ìgò náà tẹ̀ yín lọ́wọ́, ọjọ́ 14 ni ẹ sì ti dá a lẹ́jọ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré nìyẹn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 8, ẹ béèrè lọ́wọ́ ọmọbìnrin tó ń dá àwọn oníbàárà wa lóhùn bóyá ẹ lè máa lò ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lójúmọ́. Alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ló ti dáhùn pé ẹ̀ẹ̀kan ni, lẹ́yìn tí ẹ bá ti fọ ojú tán kí ẹ tó sùn, àti pé bí ojú bá ń ta yín tàbí tó ń gbẹ, kí ẹ máa fi ọjọ́ kan sílẹ̀ láàárín. Ní ọjọ́ 11, ẹ kọ̀wé padà pé ìgbà márùn-ún ni ẹ ń fọ ojú lójúmọ́, pé kànrìnkàn líle ni ẹ fi ń ha imú, àti pé gbogbo ìgbà tí ẹ bá ti fọ̀ ọ́ tán ni ẹ ń fi oògùn náà pa á. Ẹ wá ní kí ó ta èyí tó le jù fún yín. Ó bẹ̀ yín pé kí ẹ dá gbogbo rẹ̀ dúró fún ọjọ́ mélòó kan ná. Ọdún kẹfà rẹ̀ nìyí lẹ́nu iṣẹ́ yìí lọ́dọ̀ mi, bó bá sì jẹ́ èmi ni mo wà nídìí ìbéèrè náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ohun kan náà ni ǹ bá sọ. N kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni pè é ní aláìmọṣẹ́ nítorí pé ó kọ owó tó lè gbà lọ́wọ́ yín.

Lórí ọ̀rọ̀ omi lásán, omi lásán kì í bó awọ. Salicylic acid, ìyẹn ásíìdì tí wọ́n fi ń tọ́jú irorẹ́, tó jẹ́ 2% ló wà nínú ìgò náà, bí a ṣe kọ ọ́ sára rẹ̀. A yàn án nítorí pé ó máa ń yọ́ mọ́ ọ̀rá, èyí tó jẹ́ kí ó lè wọ inú ihò awọ tó ti dí, kí ó sì máa tú awọ tó ti kú tó lẹ̀ mọ́ra wọn níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Èyí tó le jù tí ẹ ń béèrè wà lóòótọ́. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú awọ máa ń lo 20% tàbí 30%, wọ́n á fi pa ojú, wọ́n á máa ka ìṣẹ́jú, wọn kò sì ní kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni náà títí iṣẹ́ yóò fi parí. Kì í ṣe ohun tí a lè dì ránṣẹ́ sí ẹni tí ojú rẹ̀ ti ń bó.

Ọ̀rọ̀ kànrìnkàn yẹn ló dùn mí jù, torí pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fìyà jẹ ojú ara wọn bẹ́ẹ̀. Dúdú tó wà lórí irorẹ́ yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí rárá. Inú ihò kéékèèké tí irun ti ń hù ni awọ máa ń da ọ̀rá tó ń pèsè sí kí ara má bàa gbẹ. Bí ọ̀rá yìí bá pọ̀ jù, bó ṣe máa ń rí nígbà ìbàlágà, tí awọ tó ti kú sì kọ̀ láti bọ́ sílẹ̀, àwọn méjèèjì á lẹ̀ mọ́ra bí ìda, wọ́n á sì dí ihò náà. Bí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bá bo ẹnu ihò yìí, atẹ́gùn kò ní kan ohun tó wà nínú rẹ̀, funfun ni yóò sì máa wà: irorẹ́ olórí funfun nìyẹn. Bí ẹnu rẹ̀ bá là sílẹ̀, atẹ́gùn á kan ọ̀rá náà àti mẹ́láníìnì, ìyẹn èròjà tó ń fún awọ ní àwọ̀, wọ́n á sì ṣú dúdú. Ẹni tó bá fi kànrìnkàn ha á láti àárọ̀ di alẹ́, orí rẹ̀ nìkan ni yóò ha. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, awọ tó yí i ká á sì máa wú, á máa pọ́n, lára ẹni tó bá jẹ́ aláwọ̀ dúdú, àpá dúdú lè jókòó síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn tí irorẹ́ fúnra rẹ̀ ti lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni fífi èékánná tẹ̀ ẹ́ ṣe máa ń rí: ó lè ti ọ̀rá náà wọnú ara sí i, kí ó sì di irorẹ́ tó ń ṣe ọyún.

Mo tún wo àwòrán tí ẹ fúnra yín fi sábẹ́ ọ̀rọ̀ yín. Púpọ̀ nínú àwọn àmì aláwọ̀ eérú tó tò sórí imú yẹn kì í ṣe irorẹ́. Ọ̀rá tó ń gba ihò awọ jáde bó ṣe yẹ ni, kò sí ẹni tí kò ní in, bí a bá sì fà á yọ lónìí, láàárín nǹkan bí oṣù kan yóò ti kún padà. Èyí tó funfun níwájú orí yín ńkọ́? Ibi tí irun ti pààlà pẹ̀lú ojú ni wọ́n pọ̀ sí, òróró irun sì máa ń dí ihò awọ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí òróró irun jìnnà sí iwájú orí, kí ẹ sì máa fọ aṣọ ìrọ̀rí déédéé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni awọ òkè ara fi ń pààrọ̀ ara rẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ fún gbogbo oníbàárà pé kí wọ́n fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Kódà adapalene, tí àwọn dókítà awọ ara fẹ́ràn láti lò fún irú irorẹ́ yìí, tó ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí méjìlá kí iṣẹ́ rẹ̀ tó hàn dáadáa, aláboyún kò sì gbọ́dọ̀ lò ó. Ẹni tí aspirin kì í bá lára mu kò gbọ́dọ̀ ra tiwa yìí láìkọ́kọ́ bi dókítà. A máa ń béèrè èyí kí a tó gba owó, a sì béèrè lọ́wọ́ yín.

Ohun kan wà tí mo gbà pé àṣìṣe wa ni. Inú ìwé pélébé tó wà nínú páálí ni a kọ ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí, lẹ́tà rẹ̀ sì kéré jù. A ó gbé e wá sí ara ìgò, ní lẹ́tà ńlá, nígbà tí a bá tún tẹ òmíràn.

Ní báyìí, ẹ fi oògùn náà sílẹ̀ títí ojú yín yóò fi jinná. Ẹ máa fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ tí kò le fọ ojú lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ọwọ́ lásán ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kí ẹ sì lo ìpara tí a kọ sí lára pé kì í dí ihò awọ. Bí ẹ bá ń jáde lọ́sàn-án, ẹ fi èyí tó ń dáàbò bo awọ lọ́wọ́ oòrùn kún un, SPF (ìwọ̀n ààbò lọ́wọ́ oòrùn) 30 ó kéré tán. Bí ó bá ń wú tàbí tó ń ṣomi, ẹ lọ rí dókítà.

A ó dá gbogbo owó yín padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nínú àwòrán yín kan náà, ìgò tó yẹ kó pé oṣù méjì ti lọ sí ìdajì. Ìpara rírọ̀ kan yóò tẹ̀ lé e, a kò ní gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Ẹ ṣáà fi nọ́ńbà ìsanwó yín ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin tí ẹ bú yẹn, òun náà ni yóò bá yín ṣe é. A kò sọ pé kí ẹ pa ohun tí ẹ kọ rẹ́. Ẹ kàn bá wa fi kún un pé ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ẹ fi lò ó, àti pé ìgbà márùn-ún lójúmọ́ ni.