Ẹ má tíì pe owó yẹn ní owó èrú

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ní pápá bọ́ọ̀lù kan ní Kétu níbí, díẹ̀ ló kù kí wọ́n lu àbúrò mi nítorí owó onírin 100 fáránkì kan. Òun ló mú owó náà wá kí wọ́n fi mọ ẹgbẹ́ tí yóò kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù. Ẹnìkan ní owó náà ń gbè sápá kan. Wọ́n jù ú lẹ́ẹ̀mẹ́wàá: ojú ẹja yọ lẹ́ẹ̀méje, ojú tí wọ́n kọ 100 sí yọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ariwo ta: "Owó èrú ni!" Àbúrò mi dúró, owó náà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú erùpẹ̀ pupa, kò lè fọhùn.

Ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé owó tí kò bá pín sí márùn-ún-márùn-ún, tàbí kó sún mọ́ ọn, ẹ̀tàn wà nínú rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀, ó sì ń dùn mí, torí ó ń sọ olóòótọ́ di olè.

Ká kọ́kọ́ gbà pé owó náà kò ní èrú, bí a ṣe ń ka ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn sí aláìṣẹ̀ títí ẹ̀rí yóò fi dé. Ká wá bèèrè: ṣé irú èyí ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ owó tí kò ní èrú? Tí a bá jù ú lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ọ̀nà 1,024 ló lè gbà yọ tẹ̀ léra. Nínú wọn, ojú kan yọ lẹ́ẹ̀méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú 352. Ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ! Tí gbogbo ọmọ tó wà ní pápá bá ju owó tirẹ̀, mélòó la ó pè lólè?

Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá ni, 22 péré nínú 1,024, èmi náà á fura. Ìdá 5 nínú 100 ni àwọn onímọ̀ ìṣirò sábà máa ń fi ṣe ààlà: ohun tó bá ṣọ̀wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n ń fura sí. Ẹ̀ẹ̀méje nínú 10 kò tó ẹ̀rí. Ẹ̀ẹ̀ 70 nínú 100 tó ẹ̀rí, torí kì í ṣẹlẹ̀ sí owó tí kò ní èrú tó ẹ̀ẹ̀kan nínú 10,000. Onímọ̀ ìṣirò kan, John Kerrich, tí wọ́n há mọ́ Denmark nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ju owó lẹ́ẹ̀ 10,000: orí yọ lẹ́ẹ̀ 5,067. Kò pín dọ́gba, síbẹ̀ kò sí ohun tó yẹ ká fura sí níbẹ̀.

Mo ní kí wọ́n ju ti àbúrò mi lẹ́ẹ̀ 100. A fẹnu kò sí iye yẹn kí a tó bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tó bá dúró níbi tó wù ú, ohun tó ń wá náà ló máa rí. Ẹja 54, iye 46. Èyí kò ní kí n búra pé owó náà dọ́gba pérépéré; ẹ̀rí ẹ̀sùn wọn ni kò sí. Mo ní kí wọ́n bẹ ọmọ náà. Ẹni méjì ló bẹ̀ ẹ́.