Ní Ọjọ́ Abẹ́rẹ́ Àjẹsára Ọmọ, Ẹ Bi Ìyá Náà Léèrè

Èrò ọkàn mi ni pé ìtọ́jú obìnrin tí ojú rẹ̀ rí màbo lórí ìkúnlẹ̀ kì í parí nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá dá tí ojú ọgbẹ́ sì jinná, àti pé ibi tó rọrùn jù lọ fún wa láti bẹ̀rẹ̀ ìyókù ni ibùdó tí wọ́n ti ń fún àwọn ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, a kì í fi abiyamọ tuntun sílẹ̀ ní òun nìkan. Ìyá rẹ̀ tàbí ìyá ọkọ rẹ̀ á wá bá a gbé, omi gbígbóná á wà lórí iná láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, wọ́n á fi aṣọ gbígbóná tẹ ikùn rẹ̀, wọ́n á sì máa fún un ní ẹ̀kọ mu kí ọmú lè wá dáadáa. N kò kóyán ọ̀kankan kéré nínú rẹ̀. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni àyè fún obìnrin náà láti sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Bó bá ti fẹ́ la ẹnu, wọ́n á ní kó má sọ ọ́ mọ́, ọpẹ́ ni kó máa dá. Bí ọmọ bá sì kú, wọ́n á ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń mú àwọn àgbà sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n fún obìnrin tó ti sọ ọmọ náà lórúkọ nínú ọkàn ara rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà máa ń pa á lẹ́nu mọ́ ju bó ṣe ń tù ú nínú lọ. (Àdúrà “wàá bí bí obìnrin Hébérù”, ìyẹn pẹ̀lú ìrọ̀rùn, tí a ń gbà ní ṣọ́ọ̀ṣì kò ràn wá lọ́wọ́ níbí yìí, ẹni tí wọ́n bá fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí rẹ̀ á máa rò pé ìgbàgbọ́ òun ló kù díẹ̀ káàtó.)

Aládùúgbò mi kan bímọ lóru, ẹ̀jẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya lára rẹ̀ lẹ́yìn tí ibi ọmọ jáde. Iná lọ. Tọ́ọ̀ṣì fóònù ni nọ́ọ̀sì fi ń wá iṣan ọwọ́ rẹ̀, aládùúgbò mi náà sì ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ fún ọkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà pé kó sáré lọ wá ẹ̀jẹ̀. Ó yè, ọmọ yè, a sọmọ lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ, a jẹ, a sì jó. Títí tí ọmọ náà fi ń rákòrò, bí iná bá ṣàdédé lọ nínú ilé, òógùn á bo ìyá rẹ̀, á sì di ògiri mú. Kì í gba iwájú ilé ìwòsàn náà kọjá. Á ní kí ọlọ́kadà gba ẹ̀yìn ọjà. Àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ ní àṣejù ni. Àwọn oníṣègùn ọpọlọ mọ irú èyí dáadáa: ìrántí tó ń padà wá bí ẹni pé nǹkan náà ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́, àlá burúkú, àti sísá fún ohunkóhun tó lè ránni létí. Ó ní ìtọ́jú, sísọ̀rọ̀ pẹ̀lú ẹni tó mọ iṣẹ́ náà sì ni olórí rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ẹkún abiyamọ ni àìsàn. Ọ̀pọ̀ ló máa ń sunkún láìnídìí láàárín ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, tí yóò sì lọ fúnra rẹ̀. Èyí tó bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì ni ká fura sí. Abísínwín ní tirẹ̀ kò wọ́pọ̀, bí 1 tàbí 2 nínú 1,000 ìbímọ ni, ṣùgbọ́n kíákíá ló ń dé, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n sì gbé aláìsàn náà lọ lọ́jọ́ náà gan-an, kì í ṣe ibi tí wọ́n á ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é.

Obìnrin tí kò ní lọ rí dókítà nítorí ara rẹ̀ yóò gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14. Wọ́n á gbé ọmọ sórí ìwọ̀n, wọ́n á kọ ọ́ sínú káàdì, wọ́n á gún un ní itan, wọ́n á sì pe ẹni tó kàn láìwo ojú ìyá. Bẹ́ẹ̀ ìwádìí tí Dókítà Adewuya, oníṣègùn ọpọlọ, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2005, níbi tí wọ́n ti bi 876 obìnrin ní Iléṣà léèrè ní ọ̀sẹ̀ kẹfà lẹ́yìn ìbímọ, fi hàn pé ó lé ní 14 nínú 100 wọn tó ní àmì ìsoríkọ́, ó sì pọ̀ jù láàárín àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún àti àwọn tí ọmọ wọn dé kí oṣù tó pé. Ìbéèrè mẹ́wàá péré tí wọ́n ṣe ní Edinburgh, ní ilẹ̀ Scotland, ní 1987 ni irinṣẹ́ tí a lè fi wá irú ìsoríkọ́ bẹ́ẹ̀: ṣé ó ṣì ń rẹ́rìn-ín bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣé ó ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi láìyẹ, ṣé ó ti ń rò ó láti ṣe ara rẹ̀ léṣe.

Àwọn nọ́ọ̀sì yóò ní àwọn kò tó, òótọ́ sì ni. Ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Aró, l’Ábẹ́òkúta, àti ní Yábàá, l’Ékòó, jìnnà sí ẹni tó ń gbé ní Òkìtìpupa, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní 2023 kò sì tíì sọ ọ̀nà di kúkúrú. Síbẹ̀, ìyá tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀ lè dáhùn ìbéèrè mẹ́wàá kí wọ́n tó pe orúkọ ọmọ rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé, kí wọ́n kà á fún un ní Yorùbá, ní kọ̀rọ̀, níbi tí ìyá ọkọ kò ti ní gbọ́; ẹni tó bá sì sọ pé òun ti ń ronú láti gba ẹ̀mí ara òun kò gbọdọ̀ padà sílé lọ́jọ́ náà láìjẹ́ pé dókítà rí i.