A Kúnlẹ̀, A Yan Ẹ̀dá

A kúnlẹ̀, a yan ẹ̀dá. A dáyé tán, ojú ń kán ni. Ẹni tó wà lórí ìkúnlẹ̀ náà ló fẹnu ara rẹ̀ yàn.

Bàbá kan ládùúgbò wa ló mú mi pòwe. Ẹgbẹ́ onílé ní kó dín sípíkà ìṣọ́-òru rẹ̀ kù, ló bá fa ìwé òfin 1999 yọ: abala 38, ẹ̀tọ́ òun ni láti sin Ọlọ́run òun bó ṣe wu òun. Ẹnu wọn wọhò. Kò pẹ́ sígbà náà, ọmọ rẹ̀ obìnrin ní òun ò lọ sí ìjọ wọn mọ́. Bàbá kó ẹrù ọmọ síta. Ó ní Ọlọ́run kì í bá ẹnikẹ́ni gbìmọ̀, àṣẹ ló ń pa. Abala 38 kan náà ló sọ pé èèyàn lè pààrọ̀ ẹ̀sìn rẹ̀ o! Bàbá ò kà débẹ̀.

Ohun tó lẹ̀ mọ́lẹ̀kùn rẹ̀ ni Jóṣúà 24:15, pé ní ti òun àti ilé òun, Olúwa làwọn yóò máa sìn. Ẹ ṣí Bíbélì, kẹ́ ẹ kà á látòkè. Kí Jóṣúà tó sọ tirẹ̀, ó ti kọ́kọ́ ní kí Ísírẹ́lì yan ẹni tí wọ́n fẹ́ sìn. Àwọn tó ń tẹ sítíkà kì í tẹ apá yẹn.

Kí Mùsùlùmí má rẹ́rìn-ín. Súrà Bákárà, ẹsẹ 256, ní kò sí ìfipámúni nínú ẹ̀sìn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ híjáàbù àwọn ọmọléèwé Èkó dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, tí wọ́n dá wọn láre ní 2022, ẹ̀tọ́ là ń ké. Ọdún kejì, ní Ìlọrin, àwọn kan ká obìnrin oníṣẹ̀ṣe mọ́lé pé kò gbọdọ̀ ṣọdún.

Àwọn àgbà tí ẹ̀ ń pè ní kèfèrí ńkọ́? Wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ fún òòṣà, wọ́n sì ń sọ ọ́ sí i lójú: "Òòṣà, bí o ò lè gbè mí, ṣe mí bí o ṣe bá mi." Nínú Ògúndá Méjì, odù Ifá kan, Afùwàpẹ́ àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ló lọ sílé Àjàlá tó ń mọ orí lọ́run, lọ fọwọ́ ara wọn mú orí. Orí tí kò dára fìyà jẹ àwọn méjì o, ṣùgbọ́n Olódùmarè ò ránṣẹ́ pé èyí ni kí wọ́n gbé.

Bàbá, ta ló wá fi yín jọba lórí orí ọmọ? Ẹ ò lè pàṣẹ fún iná mànàmáná kó má lọ, ọkàn ọmọ ọlọ́mọ lẹ fẹ́ máa darí. Ọmọ yìí dìbò yan ààrẹ ní 2023. Ẹ̀yin lẹ jí i pé kó tètè lọ tò. Ó tó yan ẹni tí yóò ṣolórí Nàìjíríà, kò tó yan ibi tí yóò ti gbàdúrà? Ìsọkúsọ! Ẹ pè é lónìí kó padà wálé, kẹ́ ẹ sì yéé fi Ọlọ́run bojú.