Ajá Yín Ò Ní Fúnra Rẹ̀ Dúró: Ìgbàgbọ́ Kan Tó Léwu Nínú Aṣálẹ̀ Orí Òkè

Ẹni tó bá ti jókòó ti àwọn tó ń kó ajá lọ pàgọ́ ní aṣálẹ̀ orí òkè lápá ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà á ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí: “Ajá mọ ara rẹ̀. Tó bá ti rẹ̀ ẹ́, á dúró. Tí ooru bá mú un, á wá ibòòji lọ.” Kì í ṣe àwọn aláìbìkítà ló ń sọ ọ́. Àwọn tó fẹ́ràn ajá wọn gan-an, tí wọ́n ń ra oúnjẹ tó dáa fún un, tí wọ́n ń gbé e sùn ti ara wọn nínú àgọ́, àwọn náà ń sọ ọ́. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà máa ká mi lára. Kì í ṣe òótọ́, ajá tí wọ́n fẹ́ràn yẹn ló sì ń fara gbá a.

Ó yé mi, ibi tí ìgbàgbọ́ náà ti wá. Nílé, tí oòrùn bá mú, ajá á dìde fúnra rẹ̀, á lọ na ara sílẹ̀ níbi tó tutù, kò sí ẹni tó kọ́ ọ. A ń rí i lójoojúmọ́, a sì gbà pé bẹ́ẹ̀ náà ni yóò máa ṣe níbi gbogbo. Ohun tí a ò kà sí ni pé nílé, ajá yẹn ò tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni. Kò síbi tó ń lọ. Gbàrà tí ẹ bá gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn, tí ẹ kọjú sí òkè, ọ̀rọ̀ ti di méjì. Ó ti lé ní 10,000 ọdún tí ajá ti ń bá èèyàn gbé, ohun tí a sì ń wá lára rẹ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn ni pé kó má fi wá sílẹ̀: kó bá wa ṣọdẹ, kó bá wa da ẹran, kó sáré lọ gbé ẹyẹ tí a yìnbọn fún wá láti inú ẹrẹ̀. Èyí tó bá ń jókòó sójú ọ̀nà, a kì í mú un ṣe bàbá tàbí ìyá ajá mìíràn. Àwọn tí kì í dúró ni a fi bí àwọn tó wà lọ́wọ́ wa lónìí.

Wọ́n ní ajá tó máa sọ nù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Nínú aṣálẹ̀, ajá tó ń gbọ́ fèrè dáadáa ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bà mí lẹ́rù jù. Ẹ ju bọ́ọ̀lù fún Labrador lọ́sàn-án gangan, á sáré lọ gbé e wá. Ẹ tún jù ú, á tún lọ. Border Collie, irú ajá tí wọ́n fi ń da àgùntàn, á máa sáré yí ẹ̀yin àti àwọn ọmọ yín ká bí ẹni pé ẹ máa sọ nù. Ìdùnnú wọn máa ń bo ìnira mọ́lẹ̀ títí ara ò fi ní í gbà á mọ́. Ohun tí à ń wò tí a ń pè ní agbára níbẹ̀, ìfẹ́ ni.

Ìwádìí kan wà tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ni ajá mọ̀ nípa rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn onímọ̀ yẹ àkọsílẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ẹranko wò láti mọ ohun tó fà á tí ooru fi ṣe àwọn ajá ní jàǹbá, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2020. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé kò dáa láti ti ajá mọ́ inú mọ́tò lójú oòrùn, òótọ́ sì ni. Àmọ́ nínú àwọn tí wọ́n mọ ohun tó fà á, ti mọ́tò kò ju nǹkan bí 5 nínú 100 lọ. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ló jẹ́ pé ìrìn, eré sísá àti eré ìdárayá ló fà á. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn o, níbi tí òjò kì í jìnnà. Àwọn ajá yẹn wà lọ́dọ̀ olówó wọn, lójú olówó wọn. Bí ajá bá ń fúnra rẹ̀ dúró lóòótọ́, iye yẹn ì bá má pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo inú ara ajá fúnra rẹ̀. Tí ara rẹ̀ bá dá, inú rẹ̀ máa ń gbóná tó nǹkan bí 38.3 sí 39.2°C. Tó bá fi máa dé 41°C, ó ti ku díẹ̀ káàtó: ọpọlọ, ìfun, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, ẹ̀jẹ̀ pàápàá kì í dì bó ṣe yẹ mọ́. Ẹ wo bí àlàfo tó wà láàárín méjèèjì ṣe kéré tó. Èèyàn ń làágùn ní gbogbo ara. Ajá kì í ṣe bẹ́ẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló ń yọ òógùn díẹ̀, ìyẹn ò sì tó nǹkan kan. Ohun tó gbójú lé jù ni mímí hẹlẹ, kí omi orí ahọ́n, ti ẹnu àti ti inú imú lè máa gbẹ, kí ó sì máa gbé ooru jáde. Bẹ́ẹ̀, iṣan tó ń sáré ń mú ooru wá lọ́pọ̀ yanturu, mímí hẹlẹ náà sì jẹ́ iṣẹ́ fún iṣan. Tí ooru tó ń wọlé bá ti ju èyí tó ń jáde lọ, ara á máa gbóná sí i láìdáwọ́ dúró, ajá á sì máa rìn lọ. Ìgbà tí ẹ bá rí i tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kọ́ lu ara wọn, tí ó sì dùbúlẹ̀ tí kò fẹ́ dìde, ìyẹn ni “dídúró” tí àwọn èèyàn ń retí. Jàǹbá ti ń ṣẹlẹ̀ kí ó tó dé ibẹ̀.

Àwọn kan á sọ pé aṣálẹ̀ orí òkè yàtọ̀: afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ, kì í sì í gbóná bíi ti ilẹ̀ tó rẹlẹ̀. Apá kan ọ̀rọ̀ yìí tọ̀nà, mi ò ní í bò ó. Mímí hẹlẹ máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa nínú afẹ́fẹ́ tó gbẹ ju nínú èyí tó kún fún ọ̀rinrin. Àmọ́ inú ara ajá náà ni omi tó ń gbẹ yẹn ti ń wá. Ajá tó wúwo tó 25 kílò, tó jókòó jẹ́ẹ́ síbi tó tutù, máa ń fẹ́ omi tó lítà kan àti díẹ̀ lójúmọ́. Tó bá ń rìn nínú oòrùn, ó lè fẹ́ ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi tí mo rí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbé dání, ti ara wọn ni wọ́n ṣírò. Ajá tí inú rẹ̀ sì ń dùn lè kọjá lára abọ́ omi láìwò ó, nítorí náà ẹ dá a dúró ní gbogbo ìṣẹ́jú 15 tàbí 20, kí ẹ gbé omi sí i lẹ́nu, kí ẹ má dúró dìgbà tó bá béèrè.

Òkè náà ní ohun mìíràn tó ń fi tan èèyàn jẹ. Ìlú Bend ní Oregon ga tó nǹkan bí 1,100 mítà sórí òkun. Aṣálẹ̀ Alvord, ní Oregon náà, àti aṣálẹ̀ Black Rock ní Nevada, ga tó nǹkan bí 1,200. Ní irú ibi bẹ́ẹ̀, òwúrọ̀ máa ń tutù débi tí ẹ ó fi wọ ẹ̀wù òtútù jáde látinú àgọ́, afẹ́fẹ́ á sì máa fẹ́ sí yín lójú. Ọjọ́ kan náà yẹn lè fi 20°C gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ tó bá di ọ̀sán. Oòrùn ibẹ̀ le, nítorí pé afẹ́fẹ́ tó máa dí i lọ́nà fúyẹ́: ìtànṣán tó ń jó awọ ara ń fi nǹkan bí 10 nínú 100 pọ̀ sí i ní gbogbo 1,000 mítà tí ẹ bá gòkè. Igi tó lè ṣíji bo ajá ò pọ̀. Sagebrush, igi kúkúrú tó pọ̀ jù níbẹ̀, kì í sábà ga ju orúnkún tàbí ìbàdí lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dùn mí jù nìyí. Ìwọ̀n ooru tí ẹ kà lórí fóònù, inú ibòòji ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, níbi tó ga tó èèyàn. Ikùn ajá kò sí níbẹ̀. Ó fi nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà jìnnà sí ilẹ̀, ajá kékeré kò sì tó ìdajì ìyẹn. Tí afẹ́fẹ́ bá wà ní 30°C, yanrìn, àpáta dúdú àti ọ̀nà ọlọ́dà tí oòrùn ti ń pa láti àárọ̀ lè kọjá 50°C. Bí ẹ ṣe ń gba atẹ́gùn sójú tí ẹ ń sọ pé ojú ọjọ́ dára, bẹ́ẹ̀ ni ajá yín ń rìn lórí ààrò. Bàtà wà lẹ́sẹ̀ yín, kò sí lẹ́sẹ̀ tirẹ̀. Ẹ tẹ ẹ̀yìn ọwọ́ yín mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 7. Tí ẹ ò bá lè fara dà á, ajá ò gbọ́dọ̀ rìn lórí ilẹ̀ yẹn. Àyẹ̀wò yìí ni mo gbà gbọ́ ju ohunkóhun tí fóònù bá sọ.

“Coyote, ẹranko ìgbẹ́ tó jọ ajá yẹn ńkọ́? Ṣebí inú aṣálẹ̀ náà ló ń gbé?” Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ sì wo bó ṣe ń gbé e. Nígbà ooru, ìdájí, àṣálẹ́ àti òru ló máa ń rìn jù. Tí oòrùn bá ga, á ti dùbúlẹ̀ síbi tó ṣíji. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní kit fox máa ń fi ọ̀sán wà nínú ihò abẹ́ ilẹ̀, ara ẹran tó bá pa ló sì ti ń rí èyí tó pọ̀ nínú omi rẹ̀. Kò sí èyí tó ń gun òkè ní agogo méjì ọ̀sán nítorí pé ẹnì kan fẹ́ ya fọ́tò. Ẹranko tó mọ aṣálẹ̀ ní tòótọ́ ń jẹ́rìí lòdì sí wa.

Fífá irun ajá kò yanjú rẹ̀. Ajá tó ní irun ìpele méjì ń fi irun náà dí oòrùn. Tí ẹ bá fá a dé awọ, awọ ni oòrùn á máa jó. Àwọn tí imú wọn rún, bíi Bulldog àti Pug, ní tiwọn, ìrìn ọ̀sán nínú aṣálẹ̀ kò tọ́ sí wọn rárá, nítorí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà mí ò gbà wọ́n láyè láti tú ooru jáde. Ajá tó sanra àti èyí tó ti dàgbà náà wà létí ewu.

Ẹ̀yin lẹ máa pinnu, aago àti ilẹ̀ lẹ ó sì fi pinnu. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìrìn kí ilẹ̀ tó mọ́ kedere, kí ẹ padà dé àgọ́ kí oòrùn tó le. Láti ìgbà náà títí di ìrọ̀lẹ́, iṣẹ́ ajá ni kó sùn: ẹ ta aṣọ ńlá tí atẹ́gùn lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ẹ má tì í mọ́ inú àgọ́, nítorí àgọ́ tó wà lójú oòrùn kò yàtọ̀ sí mọ́tò. Tí ilẹ̀ bá tutù nírọ̀lẹ́, ẹ lè tún jáde, àmọ́ ẹ fi okùn kúkúrú mú un. Ejò olóró tí wọ́n ń pè ní rattlesnake náà mọ aago yẹn. Lásìkò ooru, ìgbà tí ilẹ̀ bá rọlẹ̀ ló máa ń jáde.

Ní àwọn ọgbà ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, okùn ajá kò gbọ́dọ̀ gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 6 lọ. Ní Joshua Tree, ọ̀kan lára àwọn ọgbà náà tó wà nínú aṣálẹ̀ California, ojú ọ̀nà mọ́tò, ibùdó àgọ́ àti itòsí wọn ni wọ́n gba ajá láyè; àwọn ọ̀nà inú aṣálẹ̀ tí èèyàn ń fẹsẹ̀ rìn, wọn ò gbà á láyè níbẹ̀, àfi ọ̀nà Oasis of Mara. Inú máa ń bí àwọn èèyàn sí òfin yìí. Ní tèmi, mo dúpẹ́ pé ó wà. Nítorí àwọn ẹranko ìgbẹ́ ni wọ́n ṣe ṣe é, àmọ́ ó ń gba ajá náà là. Lórí ilẹ̀ gbalasa ìjọba àpapọ̀ tí àjọ BLM (Bureau of Land Management) ń bójú tó, níbi tí ẹ lè pàgọ́ síbi tó wù yín, kò sí ẹni tó máa sọ fún yín pé ó tó.

Òru náà ní tirẹ̀. Ajá tí ooru fẹ́rẹ̀ẹ́ pa lọ́sàn-án lè máa gbọ̀n ní agogo mẹ́ta òru. Ẹ tẹ́ nǹkan nípọn sábẹ́ rẹ̀; ilẹ̀ ló ń fa ooru ara rẹ̀ lọ jù.

Tí ó bá wá ṣẹlẹ̀: tí ahọ́n rẹ̀ fẹ̀ tó gùn jáde ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí itọ́ rẹ̀ ki, tí erìgì rẹ̀ pupa, tí ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tí ó ń bì, ẹ má gbé e sáré sínú mọ́tò lákọ̀ọ́kọ́. Ilé ìwòsàn ẹranko lè wà ní ìrìn wákàtí méjì tàbí mẹ́ta sí Alvord, fóònù sì lè máà lọ. Ẹ tu ara rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ gbé e síbi tó ṣíji, kí ẹ máa da omi sí gbogbo ara rẹ̀, kí ẹ sì máa fẹ́ atẹ́gùn sí i. Àwọn kan ń sọ pé omi tútù á pa á. Ẹ má gbà wọ́n gbọ́. Omi èyíkéyìí tó bá ti tutù ju ara ajá lọ ló dáa, kódà èyí tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ nínú kẹ́ẹ̀gì. Ẹ má fi tówẹ̀lì tútù bò ó mọ́lẹ̀, ó máa ń há ooru mọ́ ọn lára. Torí èyí ni mo ṣe ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá béèrè pé kí wọ́n fi kẹ́ẹ̀gì omi 20 lítà kan sẹ́yìn mọ́tò, kí wọ́n má fi fọ abọ́, kí wọ́n má sì mu ún. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gbé ajá lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, bó tilẹ̀ ti dìde dúró, tó ń ju ìrù, tó ń mu omi. Wàhálà kíndìnrín àti ti ẹ̀jẹ̀ tí kì í dì lè máà fara hàn títí di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta.