"Ta ló fi okùn fà á lọ?": gbólóhùn tó ń ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn ọmọbìnrin wa

Bí ọmọbìnrin kan bá ti Líbíà tàbí Málì padà sí Mushin tàbí Agége, tí àdúgbò sì gbọ́ pé aṣẹ́wó ni wọ́n fi í ṣe lọ́hùn-ún, kì í pẹ́ tí ẹnìkan fi máa sọ ọ́: "Ta ló fi okùn fà á lọ? Ṣebí ẹsẹ̀ ara ẹ̀ ló fi wọkọ̀." Ohun tí ọ̀pọ̀ gbà gbọ́ ni pé ẹni tí wọ́n bá jí gbé nìkan ni wọ́n tà. Ẹni tó bá fọwọ́ ara ẹ̀ di ẹrù, ó mọ ohun tó ń wá lọ.

Irọ́ ni. Irọ́ yìí gan-an ni àwọn tó ń fi ènìyàn ṣòwò fi ń jẹun.

Ọmọ tí wọ́n jí gbé á pariwo, àwọn òbí ẹ̀ á sáré lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ọmọ tí wọ́n tàn, ìyá ẹ̀ ló máa gbàdúrà sí i lórí kó tó jáde nílé. Mo mọ ọmọ iṣẹ́ onídìrí kan ní Mushin tó ti kọ́ṣẹ́ parí, owó fírídọ̀mù ni kò sí. Oníbàárà kan tí òun àti ìyá ọmọ jọ ń lọ sí ìjọ kan náà ní òun á san án, pé àǹtí òun ní ṣọ́ọ̀bù ńlá ní Bamako, olú-ìlú Málì, ó sì ń wá onídìrí. Ó ní kó má mú ju aṣọ méjì lọ, kó má sì sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀, torí ayé. Mile 2 ni wọ́n ti wọkọ̀ lọ sí Sẹ̀mẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọjá Kútọnu, wọ́n gba fóònù ẹ̀ pé àwọn fẹ́ pààrọ̀ síìmù. Nígbà tó dé Bamako, kò bá ṣọ́ọ̀bù kankan níbẹ̀. Gbèsè ló bá.

Gbèsè yìí ni ẹ̀wọ̀n wọn. Owó ọkọ̀, owó ilé, owó oúnjẹ, títí kan owó fírídọ̀mù tí wọ́n pè ní ọ̀fẹ́, gbogbo ẹ̀ di gbèsè, mádààmù, ìyẹn obìnrin tó ń kó wọn ṣe aṣẹ́wó, nìkan ló sì mọ iye tó kù. Fún àwọn tí wọ́n kó dé Ítálì, ó lè tó 30,000 yúrò. Ìwọ̀fà ayé àtijọ́ mọ iye owó tó ń torí ẹ̀ sìn, àwọn ará ilé ẹ̀ mọ ibi tó wà, ọjọ́ tí wọ́n bá sì san owó náà, ó bọ́. Ọmọ tí mò ń sọ yìí kò ní ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn mìíràn tún ti fi irun àti èékánná búra kí wọ́n tó kúrò nílé, ìbẹ̀rù ìbúra náà ò sì tán lára wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ọba Bìní, Ewuare Kejì, tú wọn sílẹ̀ nínú ẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2018.

Wọ́n á ní, "Ṣùgbọ́n àwọn kan mọ̀ pé aṣẹ́wó ni àwọn ń lọ ṣe." Òótọ́ ni, àwọn kan mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún wọn pé wọ́n á gba ìwé ìrìnnà wọn, pé wọn ò ní lè kọ oníbàárà kankan, pé owó ò ní kàn wọ́n lọ́wọ́, pé lílù ni tí wọ́n bá ṣàìsàn? IOM, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ṣí láti ìlú kan sí òmíràn, ṣírò pé nínú àwọn obìnrin Nàìjíríà tó lé ní 11,000 tó gba orí òkun dé Ítálì lọ́dún 2016, bíi 80 nínú 100 ló ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òwò yìí ni wọ́n kó wọn wá fún. Ṣé gbogbo wọn ni wọ́n fi okùn fà?

Òfin ti dáhùn tipẹ́. Àdéhùn Palermo ọdún 2000, àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè láti gbógun ti fífi ènìyàn ṣòwò, tí Nàìjíríà náà tọwọ́ bọ̀, sọ pé bí ẹ̀tàn tàbí ipá bá ti wọ̀ ọ́, "mo gbà" tí ọmọ náà sọ kò já mọ́ nǹkan kan. Bí kò bá tíì pé ọmọ ọdún 18, wọn kì í tilẹ̀ béèrè bóyá wọ́n tàn án. Òfin tiwa, tó dá NAPTIP, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti fífi ènìyàn ṣòwò, sílẹ̀ lọ́dún 2003, tí wọ́n sì tún ṣe lọ́dún 2015, ẹni tó kó ọmọ lọ ló ń rán lẹ́wọ̀n.

Ọmọ onídìrí yẹn ti gbọ́ gbólóhùn yìí rí. Ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń kọ́ṣẹ́ ni wọ́n ti ń fi í bú ọmọ ẹlòmíràn. Nígbà tó wá rí fóònù yá ní Bamako, kò pe ilé. Ojú ń tì í, ó sì ti mọ ohun tí wọ́n máa sọ.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, bí ọmọ yín bá pè, ẹ má bi í léèrè ẹni tó rán an níṣẹ́. Ẹ bi í pé ìlú wo ló wà, kí ló wà nítòsí ilé náà, ta ló mú ìwé ẹ̀ dání. Ẹ pe 627, nọ́ńbà ọ̀fẹ́ NAPTIP. Ẹ tọ́jú gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́, fọ́tò àti nọ́ńbà obìnrin tó mú un lọ. Ẹ má sì pe obìnrin náà láti bá a jà, torí kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, wọ́n lè ti gbé ọmọ yín kúrò níbi tó sọ fún yín.