Ṣé Xbox Ń Kógbá Sílé Ni?

Àlàó Oníṣirò: Mo kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn géèmù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá ọdún 2025, Microsoft, tí ó ni ẹ̀rọ géèmù Xbox, fi owó kún owó Game Pass Ultimate, ètò tí a ń san owó rẹ̀ lóṣooṣù láti fi gbádùn ọ̀pọ̀ géèmù, ní Amẹ́ríkà, láti nǹkan bí 20 dọ́là lóṣù sí nǹkan bí 30. Kí oṣù náà sì tó parí, wọ́n kéde pé géèmù Halo ń bọ̀ lórí PlayStation 5 (PS5), ẹ̀rọ Sony, ní ọdún 2026. Ẹ rántí pé Halo ni wọ́n fi ṣí ọjà Xbox ní ọdún 2001, òun sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn tìtorí rẹ̀ ra ẹ̀rọ náà. Bí oníṣòwò bá ti wá gbé ọjà tí a fi mọ̀ ọ́n lọ sórí àtẹ ẹni tí wọ́n jọ ń du oníbàárà, èmi gbà pé ó ti ń kógbá sílé, bí kò tilẹ̀ tíì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Sony ti ta PS5 tí ó lé ní mílíọ̀nù 80. Switch ti Nintendo ti kọjá mílíọ̀nù 150, Switch 2 tí ó jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2025 sì ti ta ju mílíọ̀nù 10 lọ kí oṣù kẹsàn-án tó parí. Mélòó ni ti Xbox? Láti ọdún 2015 ni Microsoft ti jáwọ́ nínú sísọ iye ẹ̀rọ tí ó ń tà fún aráyé.

Adùkẹ́ Leeds: Bọ̀dá Àlàó, ẹ kú làálàá, ṣùgbọ́n ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Àpótí ni ẹ ń kà, owó ni Microsoft ń kà. Dọ́là bílíọ̀nù 68.7 ni wọ́n fi ra Activision Blizzard, ilé-iṣẹ́ tí ó ni géèmù Call of Duty, ọ̀rọ̀ náà sì parí ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, lẹ́yìn tí àwọn alábòójútó ọjà níbí ní ìlú Ọba ti kọ́kọ́ kọ̀ jálẹ̀ fún wọn. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá ra Call of Duty sórí PlayStation, àpò Microsoft ni owó ń lọ, owó ìpàtẹ lásán ni Sony ń yọ níbẹ̀. Àgbẹ̀ kì í bá ọjà tí wọ́n ti ń ta iṣu rẹ̀ jà. Nínú ilé mi, ọmọkùnrin mi a máa bẹ̀rẹ̀ géèmù lórí Xbox ní pálọ̀, a sì lọ parí rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà nínú yàrá rẹ̀ láìtún san kọ́bọ̀. Bí èyí bá jẹ́ kíkógbá sílé, mo fẹ́ irú rẹ̀.

Bàbá Ìbejì Mọ́kọ́lá: Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó ń fi géèmù jẹun dá sí i. Mo ní ṣọ́ọ̀bù géèmù ní Mọ́kọ́lá n'Íbàdàn, PS4 mẹ́ta àti Xbox One kan ni ó wà níbẹ̀. Kò sí ohun tí ó ṣe Xbox yẹn, àwòrán rẹ̀ mọ́ kedere, síbẹ̀ òun ni ó máa ń dá jókòó. Páàdì ni ó fa gbogbo rẹ̀. Ọmọ tí ó bá ti fi PlayStation kọ́ bọ́ọ̀lù mọ̀ pé X ni a fi ń páàsì, ìsàlẹ̀ ni ó sì wà lábẹ́ àtàǹpàkò rẹ̀. Lórí páàdì Xbox, A ni ó wà ní ìsàlẹ̀ yẹn. X ti ṣí lọ sí apá òsì, èyí tí a fi ń gbé bọ́ọ̀lù sókè. Ojú mi ni ọmọ kan ṣe jókòó sídìí rẹ̀, tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pariwo sí i létí pé, "Tẹ X! Tẹ X!" Ó wo páàdì, ó tẹ X, bọ́ọ̀lù fò kọjá orí gbogbo èèyàn lọ síta. Ó gbé páàdì sílẹ̀, ó ní òun yóò dúró de PS, kódà bí ilẹ̀ bá ṣú. Ẹ wá fi ti bátìrì kún un, nítorí páàdì yẹn ń jẹ bátìrì kéékèèké méjì, irú èyí tí ó wà nínú rìmóòtù, èmi ni mo sì ń rà á.

Ṣùgbọ́n ibi tí Xbox ti ṣubú gan-an, ọdún 2013 ni. Kí Xbox One tó jáde, Microsoft sọ pé ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ kan íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan láàárín wákàtí 24, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ géèmù kò ní ṣí, àti pé kì í ṣe bí ó ṣe wu èèyàn ni yóò máa yá ẹlòmíràn ní díìsìkì tàbí kí ó tún un tà. Nígbà tí wọ́n bi Don Mattrick, ẹni tí ó ń darí Xbox nígbà náà, nípa ẹni tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì, èsì rẹ̀ ni pé Xbox 360 wà nílẹ̀ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Sony kàn jáde, ó ní díìsìkì yín, tiyín ni, ó sì fi PS4 sí 399 dọ́là nígbà tí Xbox One jẹ́ 499. Oṣù kẹfà ọdún yẹn kò parí tí Microsoft fi yí ohùn padà, ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, ó ti fọ́. Ní àdúgbò wa, iná lè lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, díìsìkì kan ṣoṣo sì lè gba ọwọ́ ọmọ mẹ́fà kọjá kí ó tó padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó ni ín. Ta ni yóò gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wá síbẹ̀?

Ìṣọ̀lá Houston: Ẹ̀yin àgbà, mo dọ̀bálẹ̀. N kò ní í jiyàn lórí 2013, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n rán yín létí Wii U. Oṣù kọkànlá ọdún 2012 ni Nintendo gbé e jáde, gbogbo èyí tí wọ́n sì rí tà títí tí ó fi kúrò lọ́jà kò pé mílíọ̀nù 14. Ọ̀pọ̀ èèyàn nígbà náà ló ń sọ pé kí Nintendo yáa máa ṣe géèmù fún fóònù. Ní oṣù kẹta ọdún 2017, wọ́n gbé Switch dé. Wọn kò bá Sony du agbára rárá, ẹ̀rọ tí a lè gbé dání nínú ọkọ̀, tí a sì lè so mọ́ tẹlifíṣọ̀n nílé, ni wọ́n ṣe. Géèmù Mario Kart 8 tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò rí lórí Wii U, wọ́n gbé e sórí Switch, ó sì ta ju mílíọ̀nù 60 lọ. Xbox náà ti ń fẹsẹ̀ tọ ọ̀nà kan tí ó jọ èyí: Asus ti bá wọn ṣe èyí tí a ń gbé dání ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, wọ́n sì ti kéde pé àwọn àti AMD, tí ó ń ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tí ó kàn. Kí ló dé tí a fi ń gbẹ́ ilẹ̀ sin ẹni tí ó ṣì ń mí?

Àlàó Oníṣirò: Àbúrò mi Ìṣọ̀lá, o mú àpẹẹrẹ dáadáa wá, ṣùgbọ́n o fo ibi tí ó ṣe pàtàkì jù nínú rẹ̀. Nígbà tí Wii U ń kú lọ, ṣé Nintendo gbé Mario lọ sórí PlayStation? Wọn kò ṣe é. Ẹni tí ó bá fẹ́ Mario ní láti dúró dè wọ́n, ìdúró yẹn ni Switch sì bá nílẹ̀. Sega, tí òun náà ń ṣe ẹ̀rọ géèmù nígbà kan, ni kí o fi wé Xbox. Dreamcast, ẹ̀rọ rẹ̀, jáde ní Japan ní oṣù kọkànlá ọdún 1998, ó dé Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 9 oṣù kẹsàn-án ọdún 1999, ó sì ní ohun tí a fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì nínú kí àwọn yòókù tó rò ó. Ẹ̀rọ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n EA, ilé-iṣẹ́ ńlá tí ó ń ṣe géèmù bọ́ọ̀lù, kọ̀, wọn kò ṣe géèmù kankan fún un, àwọn èèyàn sì di owó wọn mú nítorí wọ́n ti gbọ́ pé PS2 tí ó lè gbé fíìmù DVD ń bọ̀. Ní ìparí oṣù kìíní ọdún 2001, Sega kéde pé Dreamcast ti parí. Kí ọdún náà tó tán, Sonic, géèmù tí a fi mọ Sega, ti wà lórí GameCube, ẹ̀rọ Nintendo tí wọ́n ti ń bá jà láti ọjọ́ yìí wá! Sega ṣì wà láàyè, géèmù rẹ̀ sì ń tà, ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn, kò tún gbé ẹ̀rọ kankan jáde láti bá Sony àti Nintendo du ọjà.

Àti owó ìpàtẹ tí Adùkẹ́ pè ní lásán yẹn, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ni ẹni tí ó ni àtẹ máa ń yọ. Bí Xbox bá ní oníbàárà púpọ̀, òun ni yóò máa yọ ọ́ lórí géèmù gbogbo ayé. Bí kò bá ní, òun ni wọn yóò máa yọ ọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Adùkẹ́ Leeds: Bọ̀dá Àlàó, ẹ mú mi níbi owó ìpàtẹ yẹn, mo gbà. Èyí tí n kò gbà ni Sega. Gbèsè ni ó pa Sega. Kò ní àpò ńlá bíi ti Microsoft. Nígbà tí Xbox 360 ń bàjẹ́ káàkiri ní ọdún 2007, tí iná pupa ń tàn lójú rẹ̀, Microsoft ya ohun tí ó ju bílíọ̀nù dọ́là kan lọ sọ́tọ̀ láti tún wọn ṣe, wọn kò sì pa ọjà náà tì. Ọlọ́rọ̀ lè fi ọdún mẹ́wàá kọ́ ọgbọ́n. Phil Spencer, ẹni tí ó ń darí Xbox nígbà náà, fúnra rẹ̀ sọ ní ọdún 2023 pé sáà Xbox One ni ó burú jù láti pàdánù, nítorí sáà yẹn ni àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kó géèmù tí kò ní díìsìkì jọ, ẹni tí ó bá sì ti kó tirẹ̀ sórí PlayStation kò ní fi í sílẹ̀ wá bá Xbox. Òtítọ́ ni. Ohun kan náà ni kò jẹ́ kí èmi náà kúrò lórí Xbox. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, nígbà tí owó oṣù gòkè yẹn, mo sọ̀ kalẹ̀ sí ìpele tí kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀, ọmọ mi kò sì bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì.

Ìṣọ̀lá Houston: Àǹtí Adùkẹ́, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́.

Bàbá Ìbejì Mọ́kọ́lá: Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọkùnrin kan gbé Xbox Series S wá láti tà fún mi, ó funfun nini, owó tí ó pè kò sì tó ti PS4 àlòkù. Ọkàn mi ti fẹ́ sún mọ́ ọn. Mo gbé e yípo lẹ́ẹ̀kan, mo tún yí i lẹ́ẹ̀kejì, mo ní, "Níbo ni a ti ń ki díìsìkì bọ̀ ọ́?" Ó ní kò ní, pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti máa wa gbogbo géèmù. Mo bi í pé géèmù bọ́ọ̀lù kan yóò jẹ dátà tó mélòó. Ó dákẹ́, ó wo òkè àjà. Mo bá a dì í padà sínú páálí rẹ̀.