Èsì wa sí oníbàárà tó fún wa ní ìràwọ̀ méjì lórí wakizashi

Ẹ ṣeun tẹ́ẹ ra ọjà lọ́wọ́ wa, ẹ̀gbọ́n. A ti rí ohun tẹ́ẹ kọ.

Ẹ ní wakizashi, idà Japan kúkurú tá a tà fún yín, ti dóògún, pé kò sórúkọ alágbẹ̀dẹ lára ẹ̀, pé ayédèrú ni, pé tsuba ẹ̀, ìyẹn awo pẹlẹbẹ tó ń dáàbò bo ọwọ́ láàárín èèkù àti ojú idà, ń mì, pé ó sì pẹ́ kó tó dé. Ìràwọ̀ méjì. Ẹ ò wá sọ fáwọn èèyàn pé gbogbo ara idà yẹn la yà ní fọ́tò sórí ìpolówó, títí kan ìdí irin tó wọnú èèkù, pẹ̀lú ìdóògún ẹ̀ kedere, ẹ ò sì sọ pé ní 9 March ẹ̀yin fúnra yín lẹ tẹ̀ ẹ́ sí wa pé "ó rẹwà gan, ẹ bá mi gbé e pamọ́, ẹ má tà á fẹ́lòmíì". Mẹ́séèjì yẹn ṣì wà lórí fóònù mi o.

Ti pípẹ́ yẹn, ẹ jẹ́ ká tètè sọ ọ́ kúrò ńlẹ̀. Ní UK ńbí, láti 2008 lòfin ti de idà tó tẹ̀ tí gígùn ojú ẹ̀ bá tó 50 sẹ̀ǹtímítà, àfi tó bá ti lé ní 100 ọdún tàbí tó jẹ́ pé ọwọ́ ni wọ́n fi rọ ọ́ nílànà àtijọ́. Tiyín jẹ́ 52. Kò sí wàhálà, ìwé ẹ̀ pé, ṣùgbọ́n ẹni tó máa gbà á lẹ́nu ọ̀nà gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ti pé 18. Ọmọkùnrin tó ń bá wa di ẹrù fi í ránṣẹ́ ní Wednesday 12 March, dírẹ́bà dé ilé yín ní Friday 14, ẹ ò sí ńlé, ọmọ yín ọlọ́dún 15 ló jáde sí i. Ṣé kó gbé idà lé ọmọdé lọ́wọ́ ni? Monday 17 lẹ tó gbà á, ẹ̀yin lẹ sì sáìnì fúnra yín.

Ti orúkọ ńkọ́? Idà Japan tí ò lórúkọ pọ̀ ju yanrìn lọ. Tí wọ́n bá ti gé idà gígùn kúrú, apá ìdí ni wọ́n ń gé, ibẹ̀ náà sì lórúkọ máa ń wà, á bá a lọ nìyẹn, àwọn alágbẹ̀dẹ míì ò tiẹ̀ kọ ọ́ rárá látilẹ̀. Ẹ tiẹ̀ jẹ́ n sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó ń ka èyí: èyí tó yẹ kẹ́ẹ fojú ṣọ́ gan-an ni èyí tó lórúkọ ńlá lára, irú Kotetsu, alágbẹ̀dẹ idà tó lókìkí ní Japan, torí ó pẹ́ táwọn èèyàn ti ń gbẹ́ orúkọ ọkùnrin yẹn sára irin tí ò fọwọ́ kàn rí. Idà yín ní Hozon, ìwé ẹ̀rí pé ojúlówó ni, láti ọ̀dọ̀ NBTHK, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Japan ní 1948, iṣẹ́ wọn ni láti yẹ idà wò. Wọ́n ní agbègbè Mino ní Japan ló ti wá, ìgbà Edo, ìyẹn láàárín 1603 sí 1868. Ẹ̀yin ní ayédèrú ni. Àwọn ni mo gbà gbọ́, ẹ má bínú.

Tsuba tó ń mì: irin pẹlẹbẹ méjì tó ń jẹ́ seppa ló ń há tsuba mọ́lẹ̀, ọ̀kan níwájú ọ̀kan lẹ́yìn. Ní 19 March, àǹtí tó ń gbé fóònù fún wa bi yín pé seppa mélòó lẹ dá padà nígbà tẹ́ẹ tú u, ẹ ní ẹyọ kan. Méjì ló kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ wo abẹ́ àga.

Ẹ tún ní tsuba náà ò bá idà dọ́gba lọ́jọ́ orí, pé ó dúdú, pé kò sí góòlù tá a sọ. Ẹ̀gbọ́n, alágbẹ̀dẹ tó rọ idà kọ́ ló ń ṣe tsuba, oníṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni, bí samurai, jagunjagun Japan àtijọ́, bá sì ti lówó á pààrọ̀ tsuba bó ṣe wù ú, idà kan lè lò tó mẹ́ta mẹ́rin. Dúdú yẹn ni shakudo, bàbà tí wọ́n fi góòlù díẹ̀ yọ́ pọ̀, tí wọ́n wá sè nínú omi oògùn títí á fi dú. Góòlù yẹn wà ńnú ẹ̀, kì í ṣe pé wọ́n fi kùn ún. Lọ́dún 1876 tí ìjọba Meiji ní Japan ní kẹ́nikẹ́ni má gbé idà kiri mọ́ àfi sójà, ọlọ́pàá àtàwọn ìjòyè kan, ọ̀pọ̀ àwọn oníṣẹ́ yẹn ló bọ́ sórí fáàsì àti àpótí fáwọn òyìnbó. Tsuba tó dá wà láìsí idà kún mùsíọ́mù V&A ní London, ẹ lọ wò ó, ọ̀fẹ́ ni. Kò sẹ́ni tó ń fún wọn ní ìràwọ̀ méjì.

Ó ku ìdóògún, òun gan-an ló ń dùn mí. Ìdóògún dúdú tó wà ní ìdí idà yẹn làwọn tó mọ̀ ọ́n fi ń mọ ọjọ́ orí ẹ̀, a kì í fọwọ́ kàn án, láéláé, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé pélébé tó wà lókè àpótí. Àwọn àgbà ní bọ́wọ́ ẹni ò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Tiyín tẹ èèkù tán, sáńpéépà lẹ wá lọ bèèrè! Fọ́tò tẹ́ẹ fi sábẹ́ ẹjọ́ yín ló tú yín fó, ìdí idà ń dán bíi ṣíbí tuntun. Bẹ́ẹ̀ fọ́tò ìdí idà wà lára ìwé Hozon yẹn, ìwé ò wá jọ idà mọ́. Ọgọ́rùn-ún ọdún lé ni ìdóògún yẹn fi dú, ìrọ̀lẹ́ Sunday kan lẹ fi ha á.

Ohun tá a lè ṣe rèé. Seppa tuntun, ọ̀fẹ́, ẹni tó ń bá wa ṣàtúnṣe á rọ ọ́ kó bá a mu, ẹ gbé idà wá lọ́jọ́ ṣọ́ọ̀bù. Tẹ́ẹ bá fẹ́ dá tsuba, menuki (ọ̀ṣọ́ kéékèèké ara èèkù) àti àkọ̀ padà, a máa gbà á lówó tó tọ́, torí ẹ ò tíì fi sáńpéépà kan àwọn yẹn. Àbí ẹ ti fi kàn án? Idà fúnra ẹ̀, yín ni o, ọjọ́ 14 tá a fi ń gba ọjà padà wà fún ọjà tó bá ṣì rí bó ṣe kúrò lọ́dọ̀ wa.

Ẹ ò sì mẹ́nu ba ìgò òróró tó ń rùn bí kànáfùrù tá a fi sí i lọ́fẹ̀ẹ́. Ojú idà la fi ń pa, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Mo ń tètè sọ ọ́ kẹ́ẹ má lọ dà á sọ́bẹ̀.